Ẹ wo òróró kí ẹ tó ra bọ́ọ̀lù

1/ Òwú gígùn lèyí, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa. Látìgbà tí mo ti ń gbé fídíò bowling sójú ìwé yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kún inú DM mi: "Sis, bọ́ọ̀lù wo ni kí n rà?" Wọ́n á wá fi àwòrán bọ́ọ̀lù tuntun kan tì í, aláràbarà, tí owó ẹ̀ ti kọjá 200 dọ́là.

2/ Èrò tèmi rèé, mi ò ní fi bò: ìbéèrè yẹn ò tíì tó àkókò. Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ni pé, "Báwo ni òróró ṣe wà lórí léènì tí mo ń lò?" Ẹni tí ò bá mọ ìdáhùn ìyẹn, kò sí bọ́ọ̀lù tó rà tí ò jẹ́ pé ó ń ta tẹ́tẹ́. Bọ́ọ̀lù tó wọ́n jù nínú ṣọ́ọ̀bù lè jẹ́ èyí tó máa dà á láàmú jù.

3/ Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ pé, "Òróró kẹ̀? Òróró wo?" Kò hàn sójú ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ gbá a l'Ékòó nígbà tí ọ̀rẹ́ yín bá ń ṣe ọjọ́ ìbí, ẹni tó bá ṣèèṣì tẹ ẹsẹ̀ kọjá ìlà nínú yín mọ̀ bí ibẹ̀ ṣe ń yọ̀. Òróró nìyẹn. Ẹ̀rọ kan ló máa ń rìn lórí léènì, tó máa nu èyí tó ti wà níbẹ̀ kúrò, tó sì máa fi tuntun sí i. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló máa ń wà. Èyí tó wà lórí léènì kan kì í sábà ju ṣíbí ńlá méjì lọ.

4/ Nígbà tó jẹ́ pé igi ni gbogbo léènì, torí kí bọ́ọ̀lù má baà ba igi jẹ́ ni wọ́n ṣe ń fi òróró sí i. Lónìí, ọ̀pọ̀ léènì kì í ṣe igi mọ́, àmọ́ òróró ò lọ. Òun gan-an ló wá di ọ̀gá eré. Bí onílù bá ṣe lù ú la ṣe ń jó o. Òróró ni onílù níbí, bọ́ọ̀lù yín ni ẹsẹ̀.

5/ Ẹ jẹ́ ká wo léènì fúnra ẹ̀. Láti ìlà tẹ́ ẹ ò gbọdọ̀ kọjá dé ibi tí píìnì iwájú dúró sí, 60 ẹsẹ̀ bàtà ni. Ní ìbú, pákó tóóró 39 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òun la sì máa ń kà. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún máa kà á láti ọwọ́ ọ̀tún, ọlọ́wọ́ òsì máa kà á láti òsì. Ọfà méje wà nílẹ̀, pákó márùn-ún márùn-ún ni wọ́n fi jìnnà síra: ọfà kejì wà lórí pákó 10, ẹ̀kẹta lórí pákó 15. Ọfà yẹn lẹ máa wò, kì í ṣe píìnì.

6/ Òróró kì í dé ìdí píìnì. Lórí léènì ojoojúmọ́, nǹkan bí 40 ẹsẹ̀ bàtà ló máa ń gùn mọ. 20 tó kù gbẹ. Torí náà, nǹkan mẹ́ta ni bọ́ọ̀lù máa ń ṣe: ó máa yọ̀, ó máa yà, ó máa yí. Ó máa yọ̀ lórí òróró. Tó bá kan ibi gbígbẹ, ó máa yà wọlé. Lẹ́yìn náà ó máa yí lọ tààrà, tagbára-tagbára, wọ àárín píìnì. Yọ̀, yà, yí. Ẹ há a sórí.

7/ Gbogbo ẹjọ́ bọ́ọ̀lù kò ju ìyẹn lọ: ìgbà wo ló máa yà, báwo ló sì ṣe máa le tó nígbà tó bá ń yà? Ẹ fi táyà ọkọ̀ wé e. Táyà tó ti dán máa ń yọ̀ kiri lójú títì tó tutù. Táyà tó ṣì ní eyín máa ń di ilẹ̀ mú. Awọ bọ́ọ̀lù náà, ìyẹn ara ẹ̀ lóde, irú èyí tó ń yọ̀ wà, irú èyí tó ń di ilẹ̀ mú wà. Ọ̀nà tẹ́ ẹ fẹ́ rìn ló máa sọ èyí tó dáa.

8/ Ẹ jẹ́ kí n to awọ yẹn fún yín láti orí èyí tó ń yọ̀ jù.

Àkọ́kọ́ ni bọ́ọ̀lù ike. Kò bìkítà fún òróró, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ máa lọ tààrà ni. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ máa ń bá lórí àgbékọ́ níbi ìgbábọ́ọ̀lù, ike ni. Òun náà ló rọjú jù ní ṣọ́ọ̀bù.

9/ Èkejì ni urethane. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ló di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ó ń di ilẹ̀ mú ju ike lọ, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ló máa ń yà, kì í já gìrì. Ẹ lè máa fọwọ́ sọ ibi tó máa gbà. Ibi tí òróró bá ti kúrú tàbí tó kéré ló ti ń dùn.

10/ Ẹ̀kẹta ni reactive, tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tó sì yí eré yìí padà pátápátá. Awọ ẹ̀ ní ihò kéékèèké tójú ò lè rí, ó sì máa ń fa òróró mu. Tó bá kan ibi gbígbẹ, á yà bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ lẹ́yìn. Òun náà tún pín sí mẹ́ta: solid máa ń tètè di ilẹ̀ mú, pearl máa ń yọ̀ jìnnà kó tó wá yà lójijì, hybrid sì wà láàárín àwọn méjèèjì.

11/ Ó yá, ẹ wá so ó pọ̀ mọ́ òróró.

Òróró pọ̀, ó sì gùn: ẹ fẹ́ solid tí ara ẹ̀ rí hákahàka, tó máa di ilẹ̀ mú ní kíá.
Òróró ṣe déédéé: hybrid, tàbí reactive tí kò le púpọ̀.
Òróró ti ń tán: pearl tó ń dán, tàbí urethane.
Píìnì kan ṣoṣo ló kù ní igun: ike. Òróró ì báà pọ̀, ì báà kéré, ike.

12/ Ẹ ṣé ẹ rí i pé kò síbi tí mo ti kọ "èyí tó wọ́n jù"? Kò sí irú ẹ̀ lórí léènì. Bọ́ọ̀lù tó le jù lórí òróró tó pọ̀, ọba ni. Ẹ gbé e lọ sórí léènì tó ti gbẹ, wàhálà ni.

13/ Ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí nìyí. Àbúrò kan wà nínú líìgì wa níbí ní Houston, ọmọ Ìbàdàn. Ó ń kàwé lọ́sàn-án, ó ń to ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí lálẹ́. Ó fẹ́ràn eré yìí dé góńgó. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n ní, "Èyí ló le jù, òun làwọn ọ̀gá ń lò." Kò sẹ́ni tó bi í pé léènì wo ló ń gbá lé lórí. Ó sanwó bọ́ọ̀lù, ó sanwó lílu ihò, owó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ òru lọ.

14/ Líìgì wa, orí òróró ojoojúmọ́ la máa ń gbá a: àárín kún, etí gbẹ. Géèmù mẹ́ta la máa ń gbá lálẹ́ kan. Bó bá fi máa di géèmù kejì, ojú ọ̀nà tí gbogbo wa ń gbà á ti gbẹ, torí pé reactive wa ti fa òróró ibẹ̀ mu. Bọ́ọ̀lù àbúrò yìí wá ń yà kó tó dé ìdajì ọ̀nà. Bó bá fi máa dé ìdí píìnì, agbára ẹ̀ ti tán. Nígbà míì ó máa gbá píìnì iwájú lójú gan-an, á fi méjì sílẹ̀, ọ̀kan ní igun ìlà-oòrùn, ìkejì ní igun ìwọ̀-oòrùn.

15/ Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, "Àǹtí, mo rò pé mi ò lẹ́bùn ẹ̀ ni." Ó ti ń múra àtifi líìgì sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Ọwọ́ ọmọ yẹn dáa! Ohun tí wọ́n tà fún un ni kò bá ilẹ̀ tó ń tẹ̀ mu. Èèyàn á náwó tán, á wá gbà pé òun ni òun ò dáa. Ìyẹn ló ń bí mi nínú nínú ọ̀rọ̀ yìí, owó tó ná gan-an ò tó o.

16/ Ẹ wo ìṣirò yìí, òun ló máa ń pa ẹnu àwọn oníyànjíyàn dé. Fréèmù mẹ́wàá ló wà nínú géèmù kan. Ká ní ẹ ń wó píìnì 9 nínú 10 ní gbogbo fréèmù, tẹ́ ẹ sì ń tàsé èyí tó kù: 90 lẹ máa gbà. Ká ní ẹ tún wó 9 yẹn náà, àmọ́ tẹ́ ẹ ń fi bọ́ọ̀lù kejì mú èyí tó kù ní gbogbo ìgbà, tẹ́ ẹ sì fi 9 kádìí ẹ̀: 190 ni. Ẹ̀ ń gbọ́? Ẹ ò ní strike kankan o. Ọgọ́rùn-ún máàkì gbáko ló wà nínú píìnì kan ṣoṣo yẹn.

17/ Bọ́ọ̀lù wo ló ń mú píìnì kan ṣoṣo? Ike. Torí pé kì í yà, ibi tẹ́ ẹ bá rán an ló ń jẹ́. Píìnì 10, ìyẹn èyí tó wà ní igun ọ̀tún pátápátá, òun ni ọ̀tá ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Tẹ́ ẹ bá ju reactive tó le sí i, á yà sósì kó tó débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ju ike, á gba àárín léènì kọjá tààrà, á sì lọ bá a níbẹ̀.

18/ Torí náà, ìmọ̀ràn mi ta ko ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń polówó. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lu níhò ní ìwọ̀n ọwọ́ yín, ike ni kó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tí kò ní fídíò kankan, tí kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò ẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ ra reactive kan tí kò le púpọ̀. Àwọn méjèèjì máa gbé yín jìnnà lórí òróró ojoojúmọ́. Èyí tó le jù, ẹ fi ṣe ẹ̀kẹta, nígbà tí léènì fúnra ẹ̀ bá ti bi yín léèrè ẹ̀.

19/ "Àmọ́ sis, bọ́ọ̀lù tó ń yà ló ń mú strike wá." Òtítọ́ ni, mi ò jiyàn. Bọ́ọ̀lù tó lọ tààrà, tó bá kan píìnì iwájú, ó máa ń tètè yẹ̀. Èyí tó fi igun wọlé sáàárín píìnì 1 àti 3 máa ń fọ́n wọn ká dáadáa. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ ra reactive nìyẹn. Àmọ́ yíyà tẹ́ ò lè darí kò yàtọ̀ sí àìyà. Reactive tí kò le púpọ̀ máa yà tó, tí ojú ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà bá tọ́.

20/ "Àwọn ọ̀gá ńkọ́? Ṣebí bọ́ọ̀lù bí ilẹ̀ bí ẹní ni wọ́n ń kó kiri?" Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Walter Ray Williams Jr. Ìgbà 47 ló gba ife-ẹ̀yẹ nínú PBA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi bowling jẹun ní Amẹ́ríkà. Kò tíì sẹ́ni tó gba tó bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù tó ń yà gbùrùgbùrù ló fi gbà á. Ojú ọ̀nà tó fẹ́ẹ̀ẹ́ tọ́ tààrà làwọn èèyàn mọ̀ ọ́n mọ̀, ó sì máa ń mú spare bí ẹni ń mu omi.

21/ Jason Belmonte ti Australia náà wà ńbẹ̀, ẹni tó ń fi ọwọ́ méjèèjì ju bọ́ọ̀lù, tí tiẹ̀ ń yà bíi pé èèyàn fi okùn fà á. Lóòótọ́, bọ́ọ̀lù tó ń kó lọ sí ìdíje pọ̀. Àmọ́ ó mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe. Òróró tí wọ́n ń gbá lé lórí níbẹ̀ sì yàtọ̀ sí tiwa. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ni bọ́ọ̀lù. Àkísà ni gbogbo géèmù tí wọ́n ti gbá sẹ́yìn.

22/ Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí òróró tiwọn ṣe yàtọ̀. Lórí léènì ojoojúmọ́, òróró pọ̀ láàárín, ó kéré létí. Ìrànlọ́wọ́ nìyẹn: tẹ́ ẹ bá jù ú jáde jù, etí tó gbẹ máa dá a padà wálé. Tẹ́ ẹ bá jù ú wọlé jù, òróró àárín máa dì í mú kó má yà jù. Lórí òróró ìdíje, wọ́n máa ń tẹ́ ẹ kó fẹ́ẹ̀ẹ́ dọ́gba láti etí dé àárín. Kò sẹ́ni tó máa gbà yín sílẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá jù ú sí lẹ máa bá a.

23/ Òróró ìdíje tún ní gígùn oríṣiríṣi. PBA sọ àwọn kan lórúkọ ẹranko: Cheetah kúrú, Shark gùn. Àwọn àgbà nínú eré yìí ní òfin kékeré kan tó dùn. Ẹ mú gígùn òróró, ẹ yọ 31 kúrò. Ohun tó kù ni pákó tó yẹ kí bọ́ọ̀lù yín wà lórí ẹ̀ níbi tí òróró ti parí. 40 yọ 31, pákó 9. 35 yọ 31, pákó 4, ìyẹn lẹ́bàá gọ́tà. 45 yọ 31, pákó 14, ìyẹn ti fẹ́ wọ àárín.

24/ Ẹ rí i báyìí pé òróró kúkurú àti òróró gígùn ò lè jẹ́ bọ́ọ̀lù kan náà. Lórí èyí tó kúrú, ibi gbígbẹ pọ̀ lọ́wọ́ iwájú, ẹ fẹ́ nǹkan jẹ́jẹ́ bíi urethane. Lórí èyí tó gùn, ibi gbígbẹ ò tó nǹkan, ẹ fẹ́ èyí tó máa tètè jí. Ẹ má fi ojú tì, ẹ lọ bá àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀, ẹ bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ bàtà mélòó lẹ fi òróró sí?" Ọ̀fẹ́ ni ìbéèrè yẹn.

25/ Tẹ́ ò bá sì rẹ́ni bi, ẹ ka léènì fúnra yín. Nínú bọ́ọ̀lù ìdánrawò, ẹ ju ọ̀kan gba ọfà kejì, ẹ ju ọ̀kan gba ọfà kẹta. Ẹ wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Tó bá padà wá, ẹ wo ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó nù ún: òróró máa ya ìlà róbótó sí i lára. Ìlà yẹn nípọn, òróró ń bẹ. Kò fi bẹ́ẹ̀ hàn, òróró ti ń tán. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ó sì wúlò ju wákàtí méjì àlàyé lórí YouTube.

26/ Kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ bọ́ọ̀lù, ẹ sún ẹsẹ̀ ná. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún, tí bọ́ọ̀lù bá ń yà jù, tó ń kọjá sósì, ẹ sún ẹsẹ̀ yín sósì pákó bíi méjì. Tó bá ń kù díẹ̀ kó dé, ẹ sún sọ́tùn-ún. Ibi tó bá tàsé sí lẹ máa tẹ̀ lé e lọ. Ọlọ́wọ́ òsì, ẹ yí i padà. Ẹsẹ̀ kì í gbowó.

27/ Àṣírí kan tí ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù kì í sábà pariwo rèé: ara bọ́ọ̀lù ṣe é yí padà. Sáńpépà pẹlẹbẹ wà fún un, nọ́ńbà 500, 1000, 2000, 4000. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ara bọ́ọ̀lù ṣe máa hákahàka tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa tètè di ilẹ̀ mú. Bó bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa yọ̀ jìnnà. Bọ́ọ̀lù kan náà lórí 500 àti lórí 4000, ẹ lè búra pé méjì ni. Kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe é o, òfin USBC, àjọ tó ń darí bowling ní Amẹ́ríkà, kò gbà á láàárín ìdíje.

28/ Ohun tá a ṣe fún àbúrò yẹn gan-an nìyẹn. Kò ra nǹkan kan. A mú kí ara bọ́ọ̀lù ẹ̀ dán sí i, ó sún ẹsẹ̀ ẹ̀ sósì, ó sì ń gbé bọ́ọ̀lù ike orí àgbékọ́ fún píìnì 10. Mi ò ní parọ́ pé ó ti di Belmonte. Àmọ́ ó ti ń mú spare, ó ti ń rẹ́rìn-ín, kò sì sọ̀rọ̀ pé òun máa fi líìgì sílẹ̀ mọ́. Bọ́ọ̀lù tó le yẹn ṣì ní ọjọ́ tiẹ̀. Ọjọ́ tí òróró bá pọ̀, ó máa gbé e jáde.

29/ Nǹkan méjì míì kí n tó gbàgbé. Ìwúwo: òfin gba 16 pọ́n-ùn mọ, àmọ́ kò sófin tó ní kẹ́ ẹ débẹ̀. Ẹ gbé èyí tí apá yín lè fì láìdùn yín. Ọwọ́ yín náà ńkọ́: ẹni tó ń jù ú jẹ́jẹ́, tàbí tó ń yí i lọ́wọ́ púpọ̀, tiẹ̀ á tètè yà. Kò nílò bọ́ọ̀lù tó le. Ẹni tó ń sọ ọ́ bí òkò ló lè nílò ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́ yín fi lè má jẹ́ tiyín, kódà lórí léènì kan náà.

30/ Ẹ sì máa nu reactive yín o. Ó ń fa òróró mu, mo ti sọ. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, awọ ẹ̀ á yó, kò ní di ilẹ̀ mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹ máa wá rò pé ó ti bàjẹ́, ẹ máa ra òmíràn. Ẹ nù ún lẹ́yìn gbogbo ìjù, kẹ́ ẹ sì fi oògùn ẹ̀ fọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ bá gbá tán.

31/ Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tá a jọ ń ṣe fídíò ni mo ń bá wí. Ilé iṣẹ́ kan fi iṣẹ́ ìpolówó lọ̀ mí. Wọ́n ní kí n sọ pé bọ́ọ̀lù àwọn "ń ṣiṣẹ́ lórí léènì gbogbo". Mo ní mi ò lè sọ ọ́, nítorí kò sí irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e fún ẹlòmíì. Kò burú. Rẹ́ǹtì ń bẹ, mo mọ̀, gbogbo wa là ń wá owó. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa fi owó iṣẹ́ òru rà á torí pé ó gbà wá gbọ́, ṣé a lè wo ojú ẹ̀?

32/ Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má gba ìpolówó. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀: tẹ́ ẹ bá fi bọ́ọ̀lù hàn, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ irú òróró tó wà nílẹ̀, gígùn ẹ̀, bóyá léènì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òróró tàbí ó ti gbẹ, àti nọ́ńbà sáńpépà tó wà lára bọ́ọ̀lù. Ìlà kan péré ni. Fídíò bọ́ọ̀lù tí kò sọ ti òróró dà bí ẹni tó ń polówó bàtà láìsọ ìwọ̀n ẹsẹ̀.

33/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ rà, ìbéèrè mẹ́ta lẹ máa gbé wọ ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan: òróró ibi tí mo ń gbá a, báwo ló ṣe gùn, báwo ló ṣe pọ̀? Èjì: kí ni bọ́ọ̀lù yìí máa ṣe níbẹ̀ ní géèmù kẹta? Ẹ̀ta: ṣé sáńpépà àti sísún ẹsẹ̀ ò lè ṣe iṣẹ́ tí mo fẹ́ rà á fún? Tí ẹni tó ń tà á ò bá lè dáhùn, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kẹ́ ẹ máa lọ jẹ́jẹ́ yín.

34/ Ó tán lẹ́nu mi. Tẹ́ ẹ bá ní ẹnì kan tó ti ń ka owó lọ́wọ́ báyìí torí bọ́ọ̀lù, ẹ fi òwú yìí ránṣẹ́ sí i kó tó tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tiyín lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀: bọ́ọ̀lù wo ni, orí òróró wo lẹ ń gbá a sí? Tẹ́ ẹ ò bá mọ ti òróró, kò sí ẹ̀tẹ́ ńbẹ̀. Ẹ bi wọ́n lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún débẹ̀, kẹ́ ẹ padà wá sọ fún mi.